Ààrá Sán, Mo Pa Iná Ilé Bàbá

Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ń ṣe nílé kí n tó di ẹni tí ń wẹ arúgbó ní Eccles, nílùú òyìnbó. Fisíìsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ìlú kékeré kan nítòsí Ṣakí, ẹ̀kọ́ iná mànàmáná ni mo sì fẹ́ràn jù nínú rẹ̀. Ẹ wá wò ó o: mò ń fi ṣọ́ọ̀kì ya wáyà àti gílóòbù sójú pátákó nínú kíláàsì tí gílóòbù àjà rẹ̀ ò tàn rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e kọ́. Àwọn ọmọ á wo pátákó, wọ́n á wo àjà, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà n ó ní kí ẹni tó bá tún rẹ́rìn-ín dìde dúró. Bí mo ṣe rí nìyẹn. Sùúrù mi ò pọ̀, gbogbo ẹni tó mọ̀ mí ló mọ̀.

Nígbà tí mo gba físà iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó dé Manchester, Swinton ni mo gba yàrá sí. Bàbá tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí wà lára àwọn àgbà tí wọ́n kọ́kọ́ fún mi láti máa tọ́jú. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó ń dá gbé nínú fúláàtì ìsàlẹ̀ kan ní Eccles. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti kọ iṣẹ́, kẹ̀kẹ́ aláìlera ló fi ń rìn káàkiri ilé, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ. Lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́ ni mò ń lọ síbẹ̀: àárọ̀, ọ̀sán àti ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ kejì ni mo ti ń pè é ní Bàbá. Ó bi mí pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀, mo sọ fún un, ó ní ó dáa, ó sàn ju dáálìn tí gbogbo ẹni tó ń wọlé ń pe òun lọ.

Ọmọ erékùṣù ni. Orílẹ̀-èdè kékeré kan ní Karibíà ni wọ́n ti bí i, ó sì kéré débi pé, gẹ́gẹ́ bí Bàbá ṣe sọ ọ́, bí ènìyàn bá sín ní ìlà-oòrùn rẹ̀, àwọn ará ìwọ̀-oòrùn á ní pẹ̀lẹ́. Kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá sílùú òyìnbó nígbà ọ̀dọ́, ilé ẹ́ńjìnnì iná ló ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ó ń rọ òróró sí ẹ́ńjìnnì, ó ń nù ún. Nígbà tó dé ibí, ó wọ ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe wáyà iná, ibẹ̀ ló sì ti fẹ̀yìn tì. Ọjọ́ tó gbọ́ pé olùkọ́ fisíìsì ni mí, ojú rẹ̀ là. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè mí ní Olùkọ́, bí mo bá sì ń fá irùngbọ̀n rẹ̀, ọ̀rọ̀ iná là ń sọ. Gẹ̀ẹ́sì la fi ń sọ ọ́ o, tirẹ̀ ti erékùṣù, tèmi ti Òkè-Ògùn, ṣùgbọ́n etí Yorùbá ni mo fi gbọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ náà ni n ó ṣe sọ ọ́.

Ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Èmi ti rò pé ìyà àìsíná, àwa nìkan ni wọ́n fi ta lọ́rẹ. Àṣé ó ní ẹgbẹ́ lókè òkun! Epo dísù ló ń tan gbogbo iná erékùṣù Bàbá, ọkọ̀ ojú omi ló sì ń gbé epo náà wá. Bí òkun bá ru, tí ọkọ̀ pẹ́, àwọn oníná á bẹ̀rẹ̀ sí í pín in bí ẹni ń pín ẹran: àdúgbò yìí lónìí, àdúgbò yẹn lọ́la. Àbúrò Bàbá obìnrin, tí òun náà ti lé ní àádọ́rin ọdún, ló ń gbé ilé bàbá wọn níbẹ̀. Ìtọ̀ ṣúgà ń bá a fínra, abẹ́rẹ́ tó ń gún sì gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù. Bí iná bá ti lọ jù, inú ìkòkò amọ̀ tó rì sínú iyanrìn tútù ló ń kó abẹ́rẹ́ náà sí. Ó gbé ìkòkò náà sókè hàn mí lórí tábúlẹ́ẹ̀tì tí Bàbá fi ń bá a sọ̀rọ̀, bí ẹni ń fi ọmọ tuntun hàn. Mo pàtẹ́wọ́ fún un, lẹ́yìn náà mo lọ dúró sí ilé ìdáná, omi bọ́ lójú mi. Ìyá mi náà ti ṣe irú ọgbọ́n yẹn rí.

Ṣùgbọ́n nǹkan ti ń yí padà níbẹ̀. Wọ́n ti to páànù tí ń gba oòrùn sórí òrùlé ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n ń lu ihò sí ìdí òkè kan tó ti tú iná rí láyé àtijọ́, pé ooru abẹ́ ilẹ̀ á máa tan iná fáwọn. Ìyẹn ò tíì yanjú, ó lè gba ọdún púpọ̀. Èyí tó yá jù ni afẹ́fẹ́. Àwọn oníná fẹ́ ri fáànù gogoro méjì, tí afẹ́fẹ́ á máa yí kó lè mú iná wá, sórí òkè mìíràn, kí wọ́n kọ́ ilé bátìrì sí ìdí rẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì dísù wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan máa sinmi di ìgbà tí wọ́n bá nílò rẹ̀. Bàbá bi mí pé bí afẹ́fẹ́ ò bá fẹ́ ńkọ́? Mo ní bátìrì ò ju fláàsì lọ: ẹ da omi gbígbóná sí i láàárọ̀, ẹ mu tíì nírọ̀lẹ́. Bí ìjì ńlá bá dé ńkọ́? Àbúrò rẹ̀ ti ṣàlàyé ìyẹn fún wa: irú fáànù tí wọ́n lè tẹ̀ sílẹ̀ ni, bí ìjì bá ti ń bọ̀, wọ́n á rọra dá a dùbúlẹ̀, bó bá kọjá, wọ́n á gbé e dìde.

"Fáànù tó ń dọ̀bálẹ̀!" Bàbá pariwo.

"Bàbá, Yorùbá ni fáànù náà," mo dá a lóhùn. Mo ní láti ṣàlàyé ìdọ̀bálẹ̀ fún un dáadáa, ó sì rẹ́rìn-ín títí abẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ gé e lójú.

Òkè tí wọ́n fẹ́ rì í sí wá di wàhálà. Ilẹ̀ ẹbí Bàbá ni. Òfin ilé wọn sì ni pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ilẹ̀ náà láìjẹ́ pé gbogbo ọmọ bàbá wọn ti sọ̀rọ̀, tí àkọ́bí á sì sọ tirẹ̀ kẹ́yìn. Bàbá ni àkọ́bí. Àwọn oníná ní kí ẹbí fún àwọn lésì kí ọjọ́ Ajé kan tó kọjá. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn á gbé fáànù àti ilé bátìrì àwọn lọ sí apá kejì erékùṣù, ọ̀dọ̀ àbúrò Bàbá á sì wà bó ṣe wà.

"Mi ò ní gbà," Bàbá sọ bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọṣẹ ìfárùngbọ̀n ṣì wà lójú rẹ̀.

"Nítorí kí ni, Bàbá?"

"Nítorí pé mi ò gbà."

Inú bí mi. Ẹnu mi sì ti ṣáájú mi lọ kí n tó mọ̀. Mo ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi ọwọ́ ara yín nu ẹ́ńjìnnì, tí òórùn dísù wọ inú oúnjẹ yín, ẹ̀yin lẹ ó wá dí afẹ́fẹ́ lọ́nà? Ṣé àbúrò yín ò ṣe yín láàánú ni?"

Ó gba táwẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ mi, ó nu ojú ara rẹ̀. "Olùkọ́," ó ní, "o mọ iná. O ò mọ òkè." Kò tún bá mi sọ gbólóhùn kan mọ́ títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ló tó ṣí i payá. Orí òkè náà ni wọ́n sin bàbá rẹ̀ sí, ìyá rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, ibi iṣẹ́ ò fún un láyè, kò lè lọ. Látìgbà náà ló ti sọ fún gbogbo ẹbí pé bí òun bá kú, kí wọ́n gbé òun wálé, kí wọ́n tẹ́ òun sí ìtòsí ìyá òun, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá láti orí òkun. Wọ́n ti dá àyè náà sí fún un.

"Mi ò sí níbẹ̀ nígbà tó ń lọ," Bàbá ní. "Ó kéré tán, kí n sùn nítòsí rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára ṣinṣin. Èmi tí mò ń wí yìí, inú bọ́ọ̀sì ni mo ti wo ìsìnkú ìyá mi lórí fóònù, aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn mi. Bí wọ́n ṣe ń bu erùpẹ̀ sí i ni àwòrán náà ń dúró, tó tún ń lọ. Obìnrin òyìnbó tó jókòó tì mí fún mi ní tíṣù, kò béèrè nǹkan kan. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́ Bàbá, mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní kó má bínú, kó lọ sọ tọkàn rẹ̀ níbi ìpàdé, mi ò ní dá sí ọ̀rọ̀ òkè mọ́. Tọkàntọkàn ni mo sọ ọ́. Ṣùgbọ́n àánú obìnrin oníkòkò ọ̀hún ṣì ń ṣe mí síbẹ̀, mi ò lè purọ́.

Aago mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ni wọ́n fi ìpàdé sí, àárọ̀ ni lọ́dọ̀ wọn. Orí tábúlẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti fẹ́ ṣe é. Nígbà tí mo dé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo fún Bàbá lóúnjẹ, mo wọ kóòtù fún un, mo so táì mọ́ ọn lọ́rùn. Ó gbé bébà kan lé itan, ó ń kọ ohun tó fẹ́ sọ. Ó ní kí n ti òun lọ sí yàrá, kí òun jókòó síwájú fèrèsé kí ọ̀rọ̀ náà lè bọ́ sí i. Mo padà sí ilé ìdáná láti fọ abọ́. Bí ojú ọ̀run ṣe dúdú nìyẹn. Òjò Manchester tí mo mọ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni, kì í pariwo. Tọjọ́ yẹn yàtọ̀. Lójijì, gbàà! Ààrá sán, fèrèsé mì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí wọ́n bá bí sílé wa á ti mọ ohun tó kàn. Kí ààrá tó sán lẹ́ẹ̀kejì, ìyá mi á ti máa ké láti ẹ̀yìnkùlé: "Ẹ pa gbogbo súìṣì! Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n o!" A ti pàdánù tẹlifíṣọ̀n kan sọ́wọ́ ààrá, a pàdánù fíríìjì sọ́wọ́ iná tó lọ tó tún já dé pẹ̀lú agbára. Kì í ṣe ohun tí à ń rò ká tó ṣe, ọwọ́ ló ń ṣe é fúnra rẹ̀. Mo pa kẹ́tùlù, mo pa ẹ̀rọ tí ń yan búrẹ́dì, mo wọ pálọ̀, mo na ọwọ́ sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, mo pa súìṣì ara ògiri. Fíríìjì nìkan ni mo dá sí. Mo ké sí Bàbá pé ó dìrọ̀lẹ́ o, kó kí àwọn ará ilé fún mi, mo sì sáré bá bọ́ọ̀sì lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn ní Swinton. Inú mi tiẹ̀ dùn pé mo ti dáàbò bo tẹlifíṣọ̀n onítẹlifíṣọ̀n.

Nígbà tí mo padà dé ní aago márùn-ún ààbọ̀, Bàbá wà ní pálọ̀, pẹ̀lú kóòtù àti táì rẹ̀, tábúlẹ́ẹ̀tì níwájú, bébà lórí itan.

"Wọn ò níná," ó ní. "Láti aago mẹ́ta. Ọkọ̀ epo ti tún pẹ́."

Ó ń bú àwọn oníná erékùṣù, ó ń ṣàánú àwọn èèyàn rẹ̀. Láti ìgbà ọ̀dọ́ tó ti kúrò nílé, bí ọ̀rọ̀ bá já láàárín wọn, ọ̀dọ̀ wọn ló ń ti já. Kò wá sí i lọ́kàn pé iná lè lọ ní Eccles. Èmi ni ojú mi lọ sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n. Àpótí wáìfáì wà níbẹ̀, súìṣì kan náà ló ń gbé e, àwọn iná wẹ́wẹ́ ara rẹ̀ ti kú pátápátá. Fóònù ilé pàápàá, ara àpótí yẹn ni wọ́n so ó mọ́ láyé ìsinsìnyí. Yéè! Mo ṣe bí ẹni ń nu eruku, mo tẹ súìṣì náà.

Kò pẹ́ tí tábúlẹ́ẹ̀tì fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Àtẹ̀jíṣẹ́ àbúrò Bàbá ń wọlé léraléra. A ti wà níkàlẹ̀. À ń pè yín. A ti yá jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò kí iná má baà já ìpàdé. À ń dúró o. Èyí tó kẹ́yìn gùn: wọ́n ti dúró dúró, ó ti yé wọn pé inú ń bí i ni kò ṣe gbé e, wọ́n ti dá àwọn oníná lóhùn, wọ́n ti gbà, wọ́n ti fọwọ́ sí i, kó dárí jì wọ́n.

Bàbá kà á, ó tún un kà. Kò pariwo, ì bá sàn kó pariwo. Ó ká bébà rẹ̀ sí kékeré, ó ní kí n bá òun tú táì.

Ó yẹ kí n sọ ọ́ níbẹ̀. Mi ò sọ ọ́. Ẹ̀rù bà mí, kí n má fi bò. Bí Bàbá bá fẹjọ́ mi sun máníjà wa, iṣẹ́ lè bọ́, físà mi sì so mọ́ iṣẹ́ náà. Èyí tó tún burú ni pé ta ni á gbà pé kò ti ọkàn mi wá? Èmi kan náà ni mo pariwo lé e lórí nítorí òkè yẹn. Ọjọ́ Àìkú kọjá, ọjọ́ Ajé kọjá. Àbúrò rẹ̀ ń pè, Bàbá kò gbé e. Ó rò pé wọ́n yan òun jẹ, àwọn yẹn rò pé ó kọ àwọn sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó jẹ̀bi nínú wọn. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ò tilẹ̀ lè rìn kọjá ọjọ́ kẹrin. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Bàbá ti oúnjẹ àárọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kò wu òun, mo sì jókòó síwájú rẹ̀.

"Bàbá, kì í ṣe ọ̀dọ̀ wọn ni iná ti lọ. Ọ̀dọ̀ yín ni. Èmi ni mo pa á."

Mo sọ gbogbo rẹ̀, ààrá, ìyá mi, súìṣì. Ó ń wò mí ṣáá.

"O mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni?"

"Rárá, Bàbá."

"Ìwọ lo ní mi ò ṣàánú àbúrò mi."

"Èmi ni."

"O sì fẹ́ kí wọ́n gbé e síbẹ̀."

"Mo fẹ́ bẹ́ẹ̀, Bàbá. Mo ṣì fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ tẹnu yín."

Mo ti bi ara mi lọ́pọ̀ ìgbà láti ọjọ́ náà. Ààrá ni. Mo gbà pé ààrá ni. Bàbá wo ọwọ́ mi fún ìgbà díẹ̀, ó gbé tábúlẹ́ẹ̀tì lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n pe àbúrò òun, kí n sọ fún un bí mo ṣe sọ fún òun.

Mo ti gbàgbé pé òwúrọ̀ kùtù ni lọ́dọ̀ wọn. Obìnrin náà gbé e, gèlè ìsùn lórí. Mo rò ó fún un. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ní Íńgílándì! Iná lọ ní Íńgílándì!" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú, nígbà tó yá n kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni mọ́.

"Mi ò bínú sí yín," Bàbá ní. "Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ni. Mo tiẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi, a mọ ohun tẹ́ ẹ kọ. Bí ẹ bá kà á sí wa létí, à bá sunkún, à bá sì gbà fún wọn síbẹ̀ náà. Ẹ̀yin ń retí òkè yẹn láti sùn sí. Àwa ń gbé ìdí rẹ̀."

Bàbá gba tábúlẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ mi, ó gbé e lé itan.

"Wọn ò ní fọwọ́ kan Màmá?" Bàbá béèrè.

"Wọ́n jìnnà sí Màmá. Wọ́n jìnnà sí bàbá wa."

"Àyè tèmi ńkọ́?"

Obìnrin náà wo ẹ̀gbẹ́ kan. "Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ọ̀kan nínú fáànù méjèèjì máa dúró sí. Àwọn tó wá wọn afẹ́fẹ́ ní kò síbi tó dà bí ibẹ̀ lórí gbogbo òkè náà."

Bàbá mi orí. Ó mi orí lọ́pọ̀ ìgbà, bí ẹni tí wọ́n sọ ohun tó ti mọ̀ tipẹ́ fún. "Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀," ó ní. "Ìdí tí mo ṣe yàn án nìyẹn." Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n rì í síbẹ̀. Mo ti gbà. Sọ fún wọn pé àkọ́bí ti sọ̀rọ̀."

Wọ́n kí ara wọn pé ó dàbọ̀. Mo gba tábúlẹ́ẹ̀tì, mo fẹ́ máa lọ gbóúnjẹ rẹ̀ kaná, ó dì mí lọ́wọ́ mú.

"Olùkọ́, itẹ́ òkú tí wọ́n ní ládùúgbò yìí, ṣé afẹ́fẹ́ máa ń fẹ́ níbẹ̀?"

Ogún ọdún ni mo fi dúró níwájú kíláàsì, kò sí ìbéèrè tí mi ò rí nǹkan sọ sí. Mo kàn sọ pé ó máa ń fẹ́, Bàbá, ó máa ń fẹ́ gan-an.

"Wá tì mí lọ síbẹ̀ lọ́la, kí n wò ó."

Kò sí nínú ìwé iṣẹ́ mi pé kí n mú un lọ síbi bẹ́ẹ̀. Mo ní a máa lọ.